Ìbọn Ẹlẹ́nu Kan Tí Mo Rà Nígbà Tí Owó Kò Tó

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbọn mi ń ró. Bí mo bá ti yìn ín tán, àfi kí n ṣí i, kí n yọ èèpo kátíríìjì (ohun tí ẹ̀tù àti ọta wà nínú rẹ̀) tó ti jó, kí n ki tuntun bọ ibẹ̀, kí n pa á dé, kó tó di pé mo tún lè yìn ín. Ọ̀yà kì í dúró de ẹni tó ń ṣe gbogbo ìyẹn. Síbẹ̀, bí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹran ń jẹ oko rẹ̀, tó sì fẹ́ bá òfin rìn, bá bi mí pé irú ìbọn wo ni kí òun rà, ẹlẹ́nu kan yìí náà ni n óò ní kó rà, èyí tí àwọn ọdẹ ń pè ní síńgù bárẹ́ẹ̀lì. Mo ti ń lo tèmi láti ọdún 2011. Ó ti bà mí lẹ́rù, ó ti dùn mọ́ mi nínú, ó sì ti kọ́ mi ní ohun tí mi ò rò pé irin àti igi lè kọ́ èèyàn.

Ogbómọ̀ṣọ́ ni ilé mi. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, oko mi sì wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìdí kajú mélòó kan tí bàbá mi gbìn. Ẹni tó bá dáko lápá ibẹ̀ mọ ohun tí ọ̀yà ń ṣe. Kì í jẹ àgbàdo bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ẹ́. Ìdí ló ti ń gé e, ní ìdábùú, bí ẹni pé èèyàn fi àdá tó mú sá a. Á jẹ ibi tó rọ̀, á fi ìyókù sílẹ̀ gbalaja. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2010, igi àgbàdo tó lé ní igba ni mo kà nílẹ̀, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n gbó. Mo jókòó sórí ebè, mi ò lè sọ̀rọ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi wà nínú àgbàdo yẹn.

Mo ti dẹ pàkúté ṣáájú àkókò náà. Ajá aládùúgbò ló mú, mo sì san owó ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ìbọn.

Ìlú ọdẹ sáà ni ìlú wa. Ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọlá, ọba àkọ́kọ́ ìlú wa, ìtàn ìlú wa sì sọ pé ọfà ló fi ṣẹ́gun Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da àwọn èèyàn láàmú, kó tó gbé orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Mo máa ń ronú nípa ọfà yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wà lórí ọsán lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá sì ta á nù, ọwọ́ rẹ̀ òfìfo ni ọ̀tá yóò bá.

Ṣakabùlà ni bàbá mi lò ní tirẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé àpò tẹ̀lé e, nítorí náà mo mọ bí wọ́n ṣe ń ki í bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Á gbé ìdí ìbọn sílẹ̀, á da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, á fi ihá ẹyìn tẹ̀lé e, á fi ọ̀pá gún un títí ọ̀pá yóò fi máa ta padà sókè, lẹ́yìn náà ni yóò wá da ọta sí i, á tún fi ihá dí i. Gbogbo èyí lójú òkùnkùn, pẹ̀lú àtùpà kábáàdì lórí. Bí òjò bá ta sí ẹ̀tù, iṣẹ́ òru yẹn ti bàjẹ́. Mo rí i tó fa ìbọn sí ìgalà kan tó dúró gbagidi níwájú wa, tí ìbọn kàn ṣe ṣíọ̀, tí èéfín díẹ̀ rú, tí ẹran yíjú wò wá, tó sì rọra rìn lọ. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Bàbá mi ń fún èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n mo mọ iye òru tó fi wá a.

Ìka ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì ló lọ nígbà tí ìbọn tó ki ẹ̀tù sí jù bẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí èyí, nígbà tí mo fẹ́ ní ìbọn tèmi, mo ti pinnu pé kò ní jẹ́ ṣakabùlà, kò sì ní jẹ́ àgbélẹ̀rọ tí mi ò mọ irú irin tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an ni ẹlẹ́nu méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ń sọ fún mi pé pọ́ǹpù ló dára jù, pé èèyàn á kàn máa fà á sẹ́yìn, ọta á máa tẹ̀ lé ọta. Mo lọ bá bàbá ọdẹ kan ládùúgbò wa, ẹni tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé:

"Tíṣà, èló lo ní lọ́wọ́?"

Mo sọ iye rẹ̀ fún un.

"Ìyẹn á ra ẹlẹ́nu méjì tó ti gbó, tí nǹkan kan á máa ṣe lójoojúmọ́. Tàbí kó ra ẹlẹ́nu kan tó dáa, kó sì ku owó kátíríìjì àti owó ìwé àṣẹ sílẹ̀. Èwo lo fẹ́?"

Mo ní, "Bàbá, bí mo bá ta á nù ńkọ́?"

Ó ní, "Bó o bá ta á nù, wá sílé. Ìyàwó rẹ á se ẹ̀fọ́."

Bàbá náà kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ òfin ìbọn ju ọ̀rẹ́ mi lọ. Mo lọ ka òfin náà fúnra mi lẹ́yìn náà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, tó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 2004. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki láti ẹnu wà ní ọ̀tọ̀. Ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà ní ọ̀tọ̀, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ tirẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ka kẹta ni èyí tí òfin kà léèwọ̀ fún aráàlú. Ìbọn ọdẹ tó bá ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, tàbí tó ní ẹ̀rọ kankan tó ń gbé ọta tuntun wọlé, kò sí lára ìbọn tí aráàlú lè gba irú ìwé àṣẹ yẹn fún. Pọ́ǹpù tí ọ̀rẹ́ mi ń yìn lógo bọ́ sí ibẹ̀. Ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì tí a ń fi ọwọ́ ṣí, tí a ń fi ọwọ́ ki, ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. Èyí wà lára ìdí tí mo fi ń sọ pé ẹlẹ́nu kan bá tálákà mu: owó rẹ̀ kò ga, ìwé rẹ̀ sì ṣeé gbà nígbà tí mo ra tèmi.

Ìbàdàn ni mo ti rà á, lọ́wọ́ oníṣòwò tí ìjọba fún láṣẹ. Bàbá bá mi lọ. Ìbọn mẹ́rin ni wọ́n gbé síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ Baikal láti Rọ́ṣíà, èyí tí hámà rẹ̀, irin tí wọ́n ń gbé sókè kí ìbọn tó lè ró, kò sí níta. Ọ̀kan jẹ́ ti Amẹ́ríkà, láti ilé iṣẹ́ Harrington & Richardson tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1871. Ọ̀gá oníṣòwò ń sọ̀rọ̀ orúkọ. Bàbá kò tilẹ̀ wo orúkọ. Ó ṣí ìbọn kọ̀ọ̀kan, ó rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó yí ọ̀pá rẹ̀ sí ojú ọ̀run, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀. Ó gbé e fún mi pé kí n wò ó. Inú èkíní tó wò, ọ̀kan tí hámà rẹ̀ wà níta, ń dán bí inú àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Inú èkejì ní kòtò wẹẹrẹ wẹẹrẹ tí ìpẹtà jẹ, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà. Ó pa ẹ̀kẹta dé, ó di ìdí rẹ̀ mú lọ́wọ́ kan, ó di ọ̀pá mú lọ́wọ́ kejì, ó mì í. Mo gbọ́ kọ́kọ́kọ́. Ó gbé e sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Lára ẹ̀kẹrin, ó fi èékánná họ igi tó wà lẹ́yìn tírígà, ibi tí ọwọ́ ń dì mú, ọ̀dà sì ṣí kúrò lórí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Igi náà ti là nígbà kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n kùn ún.

Owó tó ṣẹ́ kù lápò mi lẹ́yìn tí a yan èkíní jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Iye owó ìbọn náà kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń pe ẹlẹ́nu méjì tó wà lórí àtẹ yẹn.

Nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá náà ni mo wá kọ́ lẹ́yìn èyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra ìbọn kọ́ ọ. Tèmi jẹ́ 12. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá yọ́ òjé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, tí wọ́n sì dà á sí ọta roboto méjìlá tó dọ́gba, ìbú ẹyọ kan nínú wọn ni ìbú inú ọ̀pá ìbọn náà. Ìdí nìyẹn tí 20 fi kéré sí 12: ogún ni wọ́n pín òjé yẹn sí. Nọ́ńbà kejì jẹ́ 70, ìyẹn gígùn ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí, ní mìlímítà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kátíríìjì onímìlímítà 76 yóò wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, nítorí pé wọ́n ká ẹnu rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí o bá yìn ín ni ẹnu náà yóò fẹ́ tú, kò ní rí àyè, agbára inú rẹ̀ á sì ga ju ohun tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún lọ. Pé nǹkan wọlé kò ní kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni kí kátíríìjì 20 bá 12 wà nínú àpò kan náà. Ti 20 kéré, nítorí náà á yọ̀ wọ inú ọ̀pá 12 lọ, á há síwájú. Ẹni tó bá ṣí ìbọn rẹ̀ lóru á rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, á ki 12 sí i lẹ́yìn. Bó bá yìn ín, ọ̀pá á bẹ́, níbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti dì í mú gẹ́lẹ́. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè yà á sọ́tọ̀. Mo ní ìbátan kan tó ní 20. Bó bá wá bá mi lóko, àpò tirẹ̀ kì í kan àpò tèmi, bó ti wù kí a fẹ́ràn ara wa tó.

Ìwé àṣẹ gba oṣù mélòó kan. Mo kọ̀wé, mo mú fọ́tò lọ, wọ́n bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ìbọn ṣe, wọ́n bi àwọn aládùúgbò léèrè ìwà mi. Wọn kì í fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, wọn kì í fún ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí. Mo fara balẹ̀. Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa lo ìbọn náà ná, pé ta ni yóò bi mí ní inú igbó. Mi ò gbà. Olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń gbé lójú ọ̀nà tí mo máa ń gbé ìbọn náà kọjá.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yìn ín, mo kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: ìbọn tó fúyẹ́ máa ń gbá èèyàn. Tèmi kò tó kílò mẹ́ta. Ó dùn ún gbé rìn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ṣùgbọ́n agbára kátíríìjì 12 kò dín nítorí pé ìbọn fúyẹ́. Èjìká mi ló gba ìyókù. Mo gbé ìdí rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ara mi nítorí ẹ̀rù, àṣìṣe ńlá sì nìyẹn. Ó gbá mi bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyàwó mi fi òrí pa á fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin, ibẹ̀ dúdú bí aró. Bàbá wá kọ́ mi pé kí n fà á mọ́ra pinpin, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan igi, kí n fi ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí n sì máa lo kátíríìjì tí ọta rẹ̀ kò wúwo jù. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ìbọn yìí fún obìnrin tàbí ọ̀dọ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, kó rántí ọ̀rọ̀ èjìká yìí kó tó wo iye owó.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá ń yìn ín sí páálí. Mo gbé páálí ńlá kọ́ sára òkìtì, mo fi èédú ya òbìrí kan sí i, mo ka ìṣísẹ̀ ogún, mo yìn ín, mo ka ihò. Mo tún lọ sí márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, mo lọ sí ogójì. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fún jù lọ ni wọ́n ń retí pé kó kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ọta rẹ̀ sí inú òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 30, ní yáàdì 40. Tèmi kò fún tó bẹ́ẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, ihò wà káàkiri òbìrí náà dáadáa. Ní ogójì, mo rí àlàfo tí odindi ọ̀yà lè gbà kọjá láìfara gbọta. Kátíríìjì mẹ́sàn-án ni mo fi mọ ìyẹn, ó sì dùn mí nígbà náà nítorí owó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ẹran bá wà ní ìṣísẹ̀ ogójì, tèmi kọ́. Mo máa ń wò ó ni, tàbí kí n rọra wọ́ súnmọ́ ọn. Ẹran tó fara gbọgbẹ́ lọ kú sínú ìtàkùn kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, ó sì ń dun ọkàn.

Páálì kan, kátíríìjì 25 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ní ẹlẹ́nu méjì máa ń jó tirẹ̀ tán ní oṣù kan. Tèmi máa ń kọjá àkókò àgbàdo kan. Nígbà tí owó kátíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ibẹ̀ ni mo ti rí èrè ìbọn olówó pọ́ọ́kú gan-an. Owó tí èèyàn fi ra ìbọn, ẹ̀ẹ̀kan ni. Owó ohun tó ń jẹ kò lópin.

Àṣìṣe tó burú jù tí mo ṣe, ọ̀rọ̀ hámà ni. Hámà tèmi wà níta, àtàǹpàkò ni mo fi ń gbé e sókè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 2013, ìrì pọ̀, èmi àti àbúrò mi ń bọ̀ lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́. Àparò fò níwájú wa, mo gbé hámà sókè, àparò sì bọ́ sẹ́yìn igi. Mo fẹ́ dá hámà padà sílẹ̀. Èyí gba pé kí n fi àtàǹpàkò dì í mú, kí n fa tírígà, kí n sì máa sọ hámà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ mi tutù. Irin náà yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìró yẹn kò kúrò ní etí mi títí dòní. Ilẹ̀ fọ́n sókè ní ibi tí kò tó apá kan sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò mi. A dúró. Ó wo ilẹ̀, ó wo mi. Kòtò náà tó ohun tí wọ́n lè fi ìkòkò kékeré sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n, ni mo bá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ìgbà náà, hámà ìbọn mi kì í gòkè àfi bí ojú mi bá ti rí ẹran kedere, tí ìdí ìbọn ti wà léjìká, tí mo sì ti mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹran. Bí a bá méjì jáde, ìbọn mi á wà ní ṣíṣí lé apá mi, ọ̀pá á kọrí sílẹ̀, ẹni tó ń bá mi rìn á sì rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìbọn yìí. Kò sí ibi tí ọta lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ṣí i, o ti mọ̀ bóyá ó kún tàbí ó ṣófo, ọmọdé pàápàá lè rí i.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti agbọ́n. Àwọn agbọ́n kan wà tí wọ́n ń fi amọ̀ mọ ilé sínú ihò yòówù tí wọ́n bá rí. Mo gbé ìbọn kọ́ ògiri fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ìdánwò ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo ṣí i, tí mo wo inú ọ̀pá, mi ò rí ojú ọ̀run. Mo fi ọ̀pá ìnubọn tì í, amọ̀ gbígbẹ jábọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdin àti aláǹtakùn kéékèèké nínú rẹ̀. Ká ní mo ti yìn ín bẹ́ẹ̀ ni, ìka tèmi náà ni à bá máa sọ ìtàn rẹ̀ nínú agbo ilé wa. Nísinsìnyí, mi ò jẹ́ ki ìbọn kí n má wo inú rẹ̀, bó jẹ́ pé wákàtí kan péré ni mo gbé e sílẹ̀.

Ohun tí ìbọn yìí kò wà fún náà pọ̀. Kì í ṣe ohun tí mo lè gbé lọ bá àwọn ajínigbé jà, mi ò sì ní tan ẹnikẹ́ni pé ó lè ṣe é. Nítorí ààbò, mi ò wọ igbó tó jìn mọ́. Oko mi àti etí rẹ̀ ni mo mọ. Igbó Ọ̀yọ́-Ilé tí ìjọba sọ di ọgbà ìtọ́jú ẹranko ti orílẹ̀-èdè ní 1991 sì kan apá Oríire. Ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Bí ẹran bá ti forí lé ọ̀nà ibẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Òru kan ní oṣù keje ọdún 2016 ni mo fẹ́ sọ parí. Òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án, kò sí òṣùpá. Kátíríìjì méjì ni mo mú jáde nílé. Mo ti yin èkíní sí ọ̀yà kan, mo sì ta á nù, inú mi bàjẹ́. Mo ń bọ̀ lẹ́bàá odò tó pààlà oko wa, ni iná tọ́ọ̀ṣì orí mi bá ba ojú méjì tó ń tàn bí ẹ̀yinná, ní gíga orúnkún, láàrin ewé. Mo ní ẹtu ni. Gbogbo ara mi sọ pé ẹtu ni. Ó wà ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ ogún. Mo gbé ìbọn léjìká. Ojú náà kò kúrò. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí hámà.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kátíríìjì tó kù, kì í ṣe ìwà rere. Mo ń rò ó pé ojú nìkan ni mò ń rí, mi ò rí ara, bí mo bá sì fi ìkẹyìn yìí ta ewé, òru mi ti tán. Mo ní kí n dúró kó yí ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo dúró. Ẹ̀fọn ń jẹ mí létí. Ojú náà lọ sápá kan, ó padà. Mo ṣì dúró.

Ni mo bá gbọ́ ikọ́. Ikọ́ èèyàn.

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣí ìbọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé kátíríìjì bọ́ sílẹ̀ sínú ewé tútù. Mo ké pé, "Ta nìyẹn?" Ìmọ́lẹ̀ àtùpà yọ láti ẹ̀yìn ìdí igi kan, tí ó ti fi ara bò ó. "Èmi ni o, Tíṣà! Ìgbín ni mò ń ṣà." Ìyá tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà ni. Ajá rẹ̀ ló ní ojú tí mo rí. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ajá náà, orí tirẹ̀ kò ga ju orí ajá lọ. Ó kó ìgbín mẹ́fà fún mi. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo wá kátíríìjì nílẹ̀ títí mo fi rí i.

Mi ò lè jẹ ìgbín yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sọ fún Bàbá. Ó dákẹ́ pẹ́, ó ní, "Ìwọ lọ sọ fún un." Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ìyá náà, mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe gbé ìbọn, ibi tí ọwọ́ mi wà. Ó ń tú ẹ̀gúsí nínú àtẹ, ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí ló wá dá ọ dúró?"

"Ẹyọ kan ló kù sọ́wọ́ mi, Ìyá."

Ó wò mí pẹ́. Ó ní kí n dìde. Mi ò lè búra pé, bó bá jẹ́ pé ọta méjì wà nínú ìbọn mi ni, mi ò ní fi ọ̀kan dán an wò. Mo ti bi ara mi léèrè nígbà púpọ̀, mi ò fẹ́ràn ìdáhùn rẹ̀.

Ìyá náà so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Òun náà kì í ṣà ìgbín ní ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ, ohùn rẹ̀ ti ń gbó báyìí, ṣùgbọ́n ó ń dé oko mi. Bí mo bá wà ní ìta lóru, tí mo gbọ́ orin náà láti apá odò, mo máa ń ṣí ìbọn, mo á yọ kátíríìjì náà, mo á fi sí àpò àyà, mo á sì dá orin náà lóhùn, kó lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.